Àgádágodo Lára Abẹ́rẹ́ Kẹtàdínlógójì

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Abẹ́rẹ́, kò pọn dandan kí ẹ bú u. Ẹ kàn sọ fún un pé, "Kò tó nǹkan, mìlímítà kan àbọ̀ péré ni." Yóò gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò sì bi yín léèrè pé: "Bí wọ́n bá gé mìlímítà kan àbọ̀ kúrò lára ìpéǹpéjú yín ńkọ́?"

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Ó ti lo ọdún méjìlélógún nínú yàrá kan tó ní fèrèsé kan, tábìlì méjì, àti agolo pẹlẹbẹ tó lé ní ọgọ́rin lórí pẹpẹ. Abẹ́rẹ́ ló wà nínú àwọn agolo náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní ihò tí òwú lè gbà kọjá. Irin líle kan ló fi ń ṣe wọ́n, irú èyí tó máa ń pọ́n yòò nínú gílóòbù iná láìyọ́. Wọ́n tín-ín-rín ju igi ìṣáná lọ. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n wọ inú iná, kí wọ́n sì padà wá sọ ohun tí wọ́n rí.

Lẹ́yìn ògiri yàrá náà ni iná ọ̀hún wà. Ẹ̀rọ tókámákì ni wọ́n ń pe ilé rẹ̀: àgbá irin ńlá tó rí bí táyà ọkọ̀ akẹ́rù, tó ṣófo nínú, tó ga ju èèyàn méjì tó gun ara wọn léjìká. Wọ́n á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á fín gáàsì díẹ̀ sí i, wọ́n á sì fi iná mànàmáná gbóná gáàsì yẹn títí yóò fi di ohun mìíràn. Plásímà ni orúkọ ohun mìíràn náà. Àárín rẹ̀ gbóná ju inú oòrùn lọ. Kò sí ìkòkò tó lè gbà á, nítorí náà agbára mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń há a mọ́ àárín kí ó má baà kan ògiri. Ìdáná kan kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ. Àlá wọn ni pé irú iná bẹ́ẹ̀ yóò máa tan ìlú lọ́jọ́ kan. Àlá náà dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lá a lọ, kò sì tíì ṣẹ.

Ìṣòro wọn ni etí. Bí a ti wù kí mágínẹ́ẹ̀tì lágbára tó, etí plásímà máa ń jò sára ògiri díẹ̀díẹ̀, táìlì tí wọ́n fi bo ògiri ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí etí ti wúwo tó kò mọ ìgbà tí táìlì yóò jó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ti abẹ́rẹ́ bọ etí lórí ọ̀pá gígùn kan, fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, tí wọ́n á tún fà á jáde. Abẹ́rẹ́ á gba iná mànàmáná díẹ̀ láti ara plásímà. Kọ̀ǹpútà á wá pín ohun tó gbà sí ìwọ̀n ara abẹ́rẹ́, a ó sì mọ bí etí ti ki tó.

Ó dà bí ẹni tó gbé garawa síta láti fi wọn òjò. Omi inú garawa kò lè sọ nǹkan kan fún un àfi tó bá mọ bí ẹnu garawa ti fẹ̀ tó. Bí ẹnu yẹn bá ń kéré sí i lójoojúmọ́ tí kò sì mọ̀, á máa dunnú pé òjò ń dín kù, nígbà tí àgbàrá ti ń wọ́ ilé lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló wà ní yàrá Àǹtí Abẹ́rẹ́: a kì í ka abẹ́rẹ́ lójú àwòrán tí wọ́n fi ṣe é. Bí àwòrán bá sọ pé mìlímítà mẹ́rin, ìyẹn ni bó ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì tó wà nínú agolo rẹ̀. Ọkùnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi òfin yìí lélẹ̀, arúgbó kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Onírin. Lọ́dún méje sẹ́yìn, wọ́n lo abẹ́rẹ́ kan láìwo káàdì rẹ̀, táìlì mẹ́rìnlá sì jó. Ìwé àlàyé ọjọ́ náà ṣì wà ní yàrá ìkówèésí wọn. Ojú ìwé mọ́kànlá ni wọ́n fi yin ẹ̀rọ. Gbólóhùn mẹ́ta ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ táìlì, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn sì ni: "Àṣìṣe ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni." Wọ́n ní kí Bàbá Onírin lọ sinmi. Ó lọ sinmi. Kò ju ọdún méjì lọ tó fi sinmi pátápátá.

"Káàdì yẹn wà lórí tábìlì," Àǹtí Abẹ́rẹ́ wí. "Ìwọ̀n tó tọ́ wà lára ẹ̀. Wọn ò kà á. Wọ́n wá ní ọwọ́ bàbá ló ṣẹ̀. Ọwọ́ wo? Ọwọ́ tó kọ ọ́ síbẹ̀?"

Ibẹ̀ ni ìbínú rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, kò sì tíì tutù nígbà tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kẹtàdínlógójì dé.

Ọ̀gá tó ń darí gbogbo ìwọ̀n ní ilé iṣẹ́ náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ìwọ̀n, jẹ́ ọkùnrin ẹni ogójì ọdún, ó mọ̀wé, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Òun ló pàṣẹ pé kí wọ́n má yọ abẹ́rẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí wọ́n bá yọ ọ́, wákàtí mẹ́fà ni wọn yóò fi fa afẹ́fẹ́ jáde padà, kò sì sí wákàtí mẹ́fà nílẹ̀, torí pé àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ wá wo bí ẹ̀rọ yóò ṣe dáná ní ìlọ́po méjì agbára tó ń lò. Àǹtí Abẹ́rẹ́ kọ̀wé pé òun kò fara mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdáhùn kan náà ló gbà lẹ́ẹ̀mẹta: "A ó wò ó lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀."

Ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n pe ìpàdé. Ọ̀gá Ìwọ̀n tan àwòrán kan sára ògiri, ìlà aláwọ̀ búlúù tó ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀.

"Ẹ wo bó ti ń sọ̀kalẹ̀," ni ó wí. "Bí a ti ń fi kún iná, bẹ́ẹ̀ ni etí ń fúyẹ́. Ta ló rí irú èyí rí?"

"Kò sẹ́ni tó rí i rí, Ọ̀gá," ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ dáhùn láti ẹ̀yìn, "torí pé kò rí bẹ́ẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ wí?"

"Mo ní abẹ́rẹ́ ló ń kúrú. Ó ti wọ inú iná nígbà igba ó lé mọ́kànlá. Àbẹ́là wo lẹ máa tàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ò ní kúrú?"

"Irin kì í ṣe àbẹ́là, Àǹtí."

"Iná yẹn náà kì í ṣe ìṣáná, Ọ̀gá."

Èyí tí wọ́n rín lẹ́ẹ̀kejì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì dùn mọ́ Ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n máa bá ìpàdé lọ. Nígbà tí wọ́n ń túká, ó na ìwé pélébé kan sí obìnrin náà. Ṣáájú ìdáná ńlá èyíkéyìí, oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé tó sọ pé abẹ́rẹ́ péye. Láìsí ìwé yẹn, kò sí Ọjọ́bọ̀.

"Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò fojú rí," ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ wí.

"Àwòrán wà níbẹ̀. Mìlímítà mẹ́rin."

"Àwòrán mi ọjọ́ ìgbéyàwó náà wà nílé. Ẹ lọ wò ó, kẹ́ ẹ padà wá wò mí."

"Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí n wá ẹlòmíì tó máa fọwọ́ sí i o."

"Ẹ wá a. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún un pé ó ní ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nítorí irú ẹ̀ rí."

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọ̀hún níwọ̀nba, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìjà wà. Ká ní táìlì ògiri kò lè gbà ju ẹrù méjìlá lọ. Lójú ìwé Ọ̀gá, ìdáná Ọjọ́bọ̀ yóò dé mẹ́wàá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá ti ti mẹ́rin bọ́ sí méjì àbọ̀, mẹ́wàá tí wọ́n ń kà kì í ṣe mẹ́wàá; mẹ́rìndínlógún ni. Ògiri yóò jó lójú àwọn àlejò, ìwé kan yóò sì wà nílẹ̀ tó sọ pé abẹ́rẹ́ péye, pẹ̀lú orúkọ ẹnì kan lábẹ́ rẹ̀. Àǹtí Abẹ́rẹ́ mọ orúkọ ẹni tí yóò jẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọlé, ó sì gbé ìkòkò ka iná bí ẹni tó ń gbé ọ̀tá lulẹ̀. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Ó gbójú sókè láti ibi tó ti ń fi sáńpépà ra ẹsẹ̀ àga.

"Ìkòkò yẹn ò ṣẹ̀ ọ́ o."

"Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí."

"Fọwọ́ sí i kẹ̀. Ṣé ìwọ lo ni ẹ̀rọ?"

"Ó dáa. Tí wọ́n bá gbé àga kan wá, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín sábẹ́ ẹ̀, àga tẹ́ ò dì mú, tẹ́ ò mì wò?"

"Èmi? Kí ẹni tó sanra jókòó lé e, kó wó, kí wọ́n wá máa wá ilé mi kiri?"

"Ẹ ṣé. Ẹ ti dáhùn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹsẹ̀ àga. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ ọrùn ẹ yẹn, tí o kì í bọ́ kódà tí o bá ń wẹ̀, kí ni wọ́n tiẹ̀ ní kí o máa fi ṣe?"

Obìnrin náà fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé ìdérí ìkòkò lé e.

Àgádágodo pupa kọ̀ọ̀kan wà fún gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀, orúkọ oníkálùkù lára tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ ara ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ so àgádágodo rẹ̀ mọ́ ọwọ́ fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn irin tó ń dí afẹ́fẹ́, tó wà níbi iṣẹ́ náà. Bó bá ti so ó, gílóòbù pupa á tàn ní yàrá ìdarí, ẹ̀rọ kò sì ní gbà kí wọ́n dáná. Ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u. Olùdarí àgbà kò lè tú u. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tó ṣe òfin yìí, ẹnì kan tan ẹ̀rọ nígbà tí ọwọ́ ẹlòmíì ṣì wà nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Àǹtí Abẹ́rẹ́ so tirẹ̀.

Ọkùnrin tó ń tẹ bọ́tìnì ìdáná, tí wọ́n ń pè ní Awakọ̀, ló kọ́kọ́ rí gílóòbù náà. Ó sọ̀rọ̀ wọ inú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó dé gbọ̀ngán tí tókámákì wà.

"Ta ló so àgádágodo mọ́ fáàfù etí?"

"Èmi ni."

"Àǹtí! Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la ni ìdáná ńlá. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe. Ẹ bá mi kọ aago sílẹ̀."

"Ọ̀gá mọ̀?"

"Tó bá gbójú sókè wo gílóòbù, á mọ̀."

Ọ̀gá Ìwọ̀n mọ̀. Ó sáré wá sí gbọ̀ngán, táì rẹ̀ ti ṣí lọ sí ejìká kan, Awakọ̀ tẹ̀ lé e. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ti fa ọ̀pá náà sẹ́yìn fáàfù, ó ti tì í, afẹ́fẹ́ sì ń wọ inú yàrá kékeré tí abẹ́rẹ́ wà pẹ̀lú ìró súú.

"Ẹ dá a dúró!" ni Ọ̀gá kígbe.

"Ó ti wọlé. Ẹ sọ fún afẹ́fẹ́ kó jáde."

Ọ̀gá yíjú sí Awakọ̀. "Lọ mú ohun tí wọ́n fi ń gé irin wá. Gé àgádágodo yẹn."

Awakọ̀ kì í ṣe akíkanjú. Ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan.

"Ọ̀gá, ọwọ́ èèyàn ló wà nínú ẹ̀ yẹn."

"Mo ní kí o lọ mú un wá!"

"Ẹ lọ mú un fúnra yín, sà. Èmi ò gé àgádágodo ẹni tó ń mí."

Kò sẹ́ni tó lọ. Àǹtí Abẹ́rẹ́ tú ìdérí, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ẹ̀mú yọ abẹ́rẹ́ náà, ó gbé e sórí aṣọ funfun. Ó mú irin ìwọ̀n rẹ̀, èyí tó ń fi ìka irin méjì di nǹkan mú, ó rọra yí i lọ́rùn títí ó fi kan abẹ́rẹ́, ó sì sún un sí iwájú Ọ̀gá.

"Ẹ kà á."

Ọ̀gá kò kà á.

"Awakọ̀, ojú yín dáa. Ẹ bá a kà á."

Awakọ̀ tẹ̀ba. "Méjì... méjì àbọ̀."

Ọ̀gá Ìwọ̀n bá sọ ohun tí òun alára ní òun kò rántí, àmọ́ tí ẹni méjì yòókù sọ bákan náà, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀:

"Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo gé e?"

Ó pè é ní ìwọ. Obìnrin tó fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, tó ti ń pè ní Àǹtí láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀. Awakọ̀ wolẹ̀.

Ohùn Àǹtí Abẹ́rẹ́ kò ga. "Ẹ wá síbí," ó wí, ó sì gbé dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá lé abẹ́rẹ́ náà lórí. "Ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tí ayùn bá gé, ojú ẹ̀ á tẹ́jú, á ní ìlà. Kí lẹ rí níbẹ̀?"

Awakọ̀ ló wò ó. "Ó yọ́. Ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀."

"Iná ló jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń jẹ ẹ́, ẹ wá ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ ń ya àwòrán bó ṣe ń jẹ ẹ́, ẹ ní etí ń fúyẹ́! Tí mo bá fọwọ́ sí ìwé yín, kí n máa lọ bá Bàbá Onírin níbi tẹ́ ẹ rán an lọ, àbí? Kẹ́ ẹ wá tún kọ ọ́ pé ọwọ́ oníṣẹ́ ló ṣẹ̀!"

Ní báyìí, ohùn rẹ̀ ti ga. Àwọn tó wà ní yàrá ìdarí gbọ́ ọ láìlo ẹ̀rọ.

Wọn kò dáná ńlá ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n fi àwòrán han àwọn àlejò, wọ́n sì ní ojú ọjọ́ ni kò dára fún iná mànàmáná ìlú. Oòrùn ràn láti àárọ̀ dalẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé méjì jáde ní ọ́fíìsì kan náà. Àkọ́kọ́ sọ pé wọ́n ti ṣe "àtúnṣe kékeré sí ìṣirò etí plásímà". Kò dárúkọ abẹ́rẹ́, kò dárúkọ káàdì. Ìkejì jẹ́ lẹ́tà ìbáwí sí Àǹtí Abẹ́rẹ́, pé ó dá ẹ̀rọ dúró láìgba àṣẹ, kí ó fọwọ́ sí i pé òun ti kà á, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì rẹ̀.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n bá òun pe Awakọ̀. Níwájú akọ̀wé ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà: "Mo dá ẹ̀rọ dúró láti wọn abẹ́rẹ́ kẹtàdínlógójì. Àwòrán: mìlímítà mẹ́rin. Ìwọ̀n gan-an: méjì àbọ̀. Ó yọ́." Ó fọwọ́ sí i. Awakọ̀ fọwọ́ sí i pé òun fojú rí i. Akọ̀wé fọwọ́ sí i pé ojú òun ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Lẹ́tà ìbáwí wọ fáìlì. Abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, Ọ̀gá Ìwọ̀n ti gbé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ "láti tọ́jú rẹ̀", kò sì sẹ́ni tó tún rí i mọ́. Ó ní ẹni tó ń gbálẹ̀ ló gbá a dànù. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ilẹ̀ ni òun ń gbá, òun kì í gbá tábìlì.

Oṣù méjì kọjá. Àwọn onímọ̀ láti ìta, tí wọ́n ń yẹ àbọ̀ ìwádìí ilé iṣẹ́ náà wò kí wọ́n tó gbà á fún títẹ̀, kọ ìbéèrè kan ránṣẹ́. Kí ló dé tí ìṣirò yí padà láti mẹ́wàá sí mẹ́rìndínlógún? Níbo ni ẹ̀rí wà tí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí?

Ọ̀gá Ìwọ̀n kan ilẹ̀kùn yàrá Àǹtí Abẹ́rẹ́. Kò kan ilẹ̀kùn náà rí.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà yẹn..."

"Lẹ́tà wo?"

"Èyí tó wà nínú fáìlì yín. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ kọ sísàlẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n dà á kọ sórí ìwé mìíràn, kẹ́ ẹ wá tún fọwọ́ sí i."

Àǹtí Abẹ́rẹ́ gbé abẹ́rẹ́ tó ń lọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ ò ní dà á kọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, odidi ẹ̀ lẹ máa mú, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ ti ń bá mi wí àti ibi tí mo ti dáhùn."

"Àǹtí, kí làwọn èèyàn máa rò?"

"Wọ́n á rò ó, Ọ̀gá. Iṣẹ́ wọn nìyẹn."

Ọ̀gá wo àwọn agolo orí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ó jáde. Kò tọrọ àforíjì lọ́jọ́ náà, kò tíì tọrọ rẹ̀ títí di òní.

Àbọ̀ ìwádìí náà ti jáde. Ó nípọn, ó kún fún àwòrán ìlà, ìlà búlúù sì ń lọ sókè níbi tó yẹ kó ti máa lọ sókè. Àfikún kẹta ló wà lẹ́yìn pátápátá. Lẹ́tà ìbáwí ni, odindi, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì lókè rẹ̀, orúkọ mẹ́ta nísàlẹ̀. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ní ẹ̀dà kan lórí pẹpẹ rẹ̀. Inú agolo kẹtàdínlógójì tó ṣófo ló ká a sí, pẹ̀lú káàdì.